Ẹni Tó Ń Dáhùn Nínú Fóònù Bàbá

Ọmọbìnrin kan wà tí ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ alágbàfọ̀, máa ń sọ pé ọjọ́ tí òun já a lẹ́nu ọmú, ká ní ó ti lè sọ̀rọ̀ ni, ì bá béèrè ohun tó fà á. Oníbèéèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó dàgbà, ó di ọ̀dọ́mọbìnrin tó mọ aṣọ í fọ̀, tó mọ̀ ọ́n lọ̀, ìbéèrè náà sì dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń fojú sí i lára, bí ó bá ti bi wọ́n ní ìbéèrè kẹta, wọ́n á rántí pé àwọn gbé nǹkan kaná sílé. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dun Oníbèéèrè. Ohun tó ń dùn ún ni òjò.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òjò àti alágbàfọ̀ kò rẹ́. Èèyàn á fọ aṣọ, á fún un, á sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, oòrùn á máa ràn yòò. Kó tó wọlé lọ mu omi, òjò á ti dé.

"Màmi, níbo ni òjò máa ń sá pamọ́ sí kó tó jáde?"

"Bi Ẹlẹ́dàá rẹ," ni ìyá rẹ̀ máa ń dá a lóhùn. "Kó o sì bá mi ká aṣọ."

Lọ́jọ́ kan, ó rí i lórí fóònù rẹ̀ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ń kọ́ àwọn èèyàn nípa ojú ọjọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kò sí ìdí láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sí ìdí láti wọkọ̀ lọ síbì kankan. Oníbèéèrè forúkọ sílẹ̀ kó tó sọ fún ìyá rẹ̀, torí ó mọ̀ pé bí òun bá kọ́kọ́ sọ, àwọn á ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà títí wọn á fi ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀.

Ohun tó rò ni pé ẹ̀kọ́ orí fóònù kò lè le. Á máa wò ó bí ẹni ń wo fíìmù, á sì máa lọ aṣọ rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀, ó wọ bàtà, ó wá jókòó síwájú fóònù. Olùkọ́ yọ, ó kí wọn káàbọ̀. Oníbèéèrè dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Olùkọ́ kò dáhùn. Ó tún un kí. Obìnrin náà kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti gba ohùn obìnrin yìí sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wá?"

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín wọ yàrá lọ, Oníbèéèrè sì bọ́ bàtà.

Díẹ̀díẹ̀ ló fi mọ bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí. Kò sẹ́ni tó ń lu agogo fún ọ. Bí o bá sùn, kò sẹ́ni tó máa jí ọ. Ìwọ ni akẹ́kọ̀ọ́, ìwọ náà ni pàṣán. Iṣẹ́ àṣetiléwá ní wákàtí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tì, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì lọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹjọ́ rẹ ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń pàdé olùkọ́ lójúkojú, ìyẹn bí èèyàn bá lè pè é ní ojúkojú, torí àpótí kéékèèké ni wọ́n ń rí, orúkọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà ọ̀pọ̀ wọn wà ní pípa. Ohun tó tún yà á lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tó mọ àbúrò níbẹ̀. Nítorí náà, "ẹ̀yin" ni gbogbo èèyàn ń pe gbogbo èèyàn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo mọ́ létí máíkì pé kó lọ fọ abọ́, "ẹ kú iṣẹ́, mà" ni wọ́n ń kí i.

Olùkọ́ pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́. Olórí ẹgbẹ́ tí Oníbèéèrè bọ́ sí ni màmá kan tó ti ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lòun ti rí, ojú ọ̀run ló kù. Màmá Agbẹ̀bí kì í rántí pa máíkì rẹ̀, gbogbo kíláàsì ló sì mọ ìgbà tó ń jẹun. Ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ náà ni ẹni tí orúkọ tó wà nínú àpótí rẹ̀ ń jẹ́ Fóònù Bàbá.

Ẹni yìí kò tan kámẹ́rà rí. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí máíkì rẹ̀, atẹ́gùn nìkan ni wọ́n gbọ́, fùùù, bí ẹni ń fẹ́ná. Olùkọ́ ní, "Bàbá, ẹ kú ìgbìyànjú o. Ẹ̀kọ́ kò mọ àgbà." Gbogbo kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ìyìn ránṣẹ́ sí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn ni pé kí kálukú máa wo ojú ọ̀run níbi tó bá wà, kó sì kọ ohun tó rí ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Ọ̀pọ̀ wọn á kọ ọ́ pé, "Ìkuukùu wà." Àwọn mìíràn á kọ ọ́ pé, "Ìkuukùu kò sí." Ṣùgbọ́n Bàbá kọ ọ́ pé, "Ìkuukùu òní fẹ́lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ oníyẹ̀fun nu ara ògiri. Nísàlẹ̀, òmíràn ti ń dúdú bọ̀. Àwọn ẹyẹ ti sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé á rọ̀." Ó sì rọ̀.

Oníbèéèrè kò lè dúró. Ó kọ̀wé sí i ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí ẹgbẹ́ kò ti ní rí i: "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ibo lẹ ti ń wo ọ̀run tó fi ń hàn sí yín tó bẹ́ẹ̀? Irú ẹyẹ wo ni? Ṣé ẹsẹ̀ ò dùn yín láti dúró pẹ́? Ẹ ti jẹun?"

Bàbá dáhùn gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ibi gíga lòun ti ń wò ó. Ó ní ẹsẹ̀ kò dun òun. Ó ní òun kò tíì jẹun, òun á jẹun nísinsìnyí tí Oníbèéèrè ti béèrè.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sàn-án, bí áyọ́ọ̀nù bá ń gbóná, Oníbèéèrè á béèrè ohun kan nípa ìrì tàbí nípa àrá, Bàbá á dáhùn ní kúkúrú, á fi bí ojú ọ̀run ṣe rí kún un. Lálẹ́, ìdáhùn rẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń kún fún àdúrà àti òwe. Oníbèéèrè rò pé bóyá àgbàlagbà kì í ráyè lọ́sàn-án. Kò mọ ìgbà tó di pé òun kò lè ká aṣọ kan ṣoṣo lórí okùn láì kọ́kọ́ wo fóònù. Ó wá kọ ọ́ sí i lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ni mo máa ń fẹ́ sọ nǹkan fún." Ó fi ránṣẹ́ tán, ojú tì í, ó fi fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò àkọ́kọ́ jáde, Oníbèéèrè fìdí rẹmi. Bó ṣe ń wo èsì náà, ọwọ́ rẹ̀ gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan. Ìgbà tó fi máa gbóòórùn, ojú áyọ́ọ̀nù ti yà sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà bí àwòrán.

"Ìwé tàbí áyọ́ọ̀nù," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mú ọ̀kan. Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀."

Ní àṣálẹ́, ó jókòó sórí garawa tó dojú dé, ó kọ̀wé sí Bàbá pé òun fẹ́ fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, pé òun kàn ń tan ara òun jẹ ni. Ìdáhùn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

"Ọmọ mi, kò sí òrùlé tí ìṣó kì í tẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ìṣó bá tẹ̀, a máa ń fà á yọ ni. A kì í torí rẹ̀ wó ilé. Lọ jẹun, kó o sùn. Lọ́la, wọlé sí kíláàsì."

Oníbèéèrè kà á, ó sunkún, ó tún un kà, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọlé sí kíláàsì. Lọ́sàn-án, Bàbá kọ̀wé: "Ojú ọ̀run mọ́ lọ́dọ̀ mi lónìí. Ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó ti mọ́?" Oníbèéèrè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀run ni Bàbá ń béèrè. Ohun kan wó lulẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sì lè gbé e dìde mọ́.

Ìyá rẹ̀ kì í ṣe afọ́jú.

"Ta lò ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Bàbá kan ni, Màmi. Ní kíláàsì wa."

"Bàbá báwo?"

"Àgbàlagbà. Ẹ má dà mí láàmú."

"Àgbàlagbà ló ń mú ọ gbé fóònù wọ balùwẹ̀?" Ìyá rẹ̀ gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Mi ò fọ aṣọ títí ọwọ́ mi fi bó kí n tó tọ́ ọ dàgbà, kó o wá lọ fi ara rẹ fún arúgbó tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú rẹ̀. Bó bá ní láárí, kó jẹ́ kí n rí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀kọ́ náà á parí lónìí."

Oníbèéèrè kò lè jiyàn, torí pé òun náà ti ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Ṣé orí òun pé? Ọkàn òun ń sáré nítorí ẹni tó lè bí òun lọ́mọ. Ó gbìyànjú láti ronú nípa ewú àti ọ̀pá ìtilẹ̀, kí ìfẹ́ náà lè tutù. Kò tutù. Ó wá mọ̀ pé kò sí ohun tí òun mọ̀ nípa ọkùnrin yìí ju ojú ọ̀run tó wà lókè orí rẹ̀ lọ.

Ojú ọ̀run yẹn náà ló sì tú u fó. Ó ti ń ṣàkíyèsí pé bí Bàbá bá kọ ọ́ pé òjò ti dé ọ̀dọ̀ òun, kó tó ká aṣọ tán, òjò náà á ti dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ó tún ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ wá sọ fún un pé atẹ́gùn ló ń ti òjò kiri, ó sì dúró lẹ́yìnkùlé, ó kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Ilé tuntun ni wọ́n ń kọ́ lápá ibẹ̀, lódìkejì afárá. Gbogbo wọn ti gbà pé ẹni tí èèyàn bá mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà lọ́nà jíjìn. Kò sẹ́ni tó rò pé ó lè wà níbi téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Ó pe Màmá Agbẹ̀bí, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọmọ mi," ni màmá náà wí, "àwọn ọmọ tí mo gbẹ̀bí wọn, ọ̀pọ̀ wọn ni mo tún ṣe alárinà fún. Fi sílẹ̀ fún mi." Alẹ́ ọjọ́ náà ló kọ̀wé sí Bàbá pé ìyá ọmọ kan fẹ́ rí i. Kò pẹ́ tí Bàbá fi júwe ilé ránṣẹ́, ó ní kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n má mú nǹkan kan dání.

Oníbèéèrè àti ìyá rẹ̀ dé ọ̀hún, wọ́n bá bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ó ń na àwọn ìṣó tó ti tẹ̀ lórí òkúta, ó ń fi òòlù rọra lù wọ́n. Fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irun rẹ̀ funfun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà gbọnrangandan, kò ṣeé ká. Oníbèéèrè wò ó, ọkàn rẹ̀ já. Ẹni yìí náà nìyẹn. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ni ìyá ọmọ tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀."

Bàbá wo Oníbèéèrè, ojú rẹ̀ tàn. "Ìwọ ni ọmọ òjò."

"Ọmọ òjò kọ́, ọmọ mi ni. Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Irun yín funfun ju aṣọ tí mò ń fọ̀ lọ. Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

Bàbá bú sẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó wá gbójú sókè sí ilé tó kọjú sí tirẹ̀. "Sọ̀ kalẹ̀ wá, ìwọ ọmọ yìí. Wọ́n ti wá mú mi nítorí rẹ."

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí òrùlé níbẹ̀. Kápẹ́ńtà ni, ó ń kan páànù. Ó rí wọn, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó wá dúró níwájú wọn, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà, ó dìde, kò sì sọ̀rọ̀. Ìṣó ló kún ẹnu rẹ̀. Ó ń tu wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ń dúró. Oníbèéèrè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ gún régé, pé ojú rẹ̀ mọ́, inú sì bí i pé òun rí i.

"Èmi ni mo ń wo ìkuukùu," ni Kápẹ́ńtà wí nígbà tí ìṣó tán. "Fóònù tèmi já bọ́ láti orí ilé, ló fi di pé mò ń yá ti bàbá mi yìí lò lọ́sàn-án. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nìyẹn."

"O mọ̀ pé Bàbá ni mo rò pé o jẹ́?"

"Mo mọ̀."

"O wá jẹ́ kí n máa kúnlẹ̀ fún fóònù."

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo fẹ́ sọ ọ́, máíkì kò gbọ́ mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní ṣé mo ti jẹun." Ó wo ilẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọkùnrin tó wà lórí òrùlé. Mo rò pé bí mo bá sọ pé èmi kì í ṣe bàbá, ẹ ò ní béèrè mọ́."

Bàbá wá tún da ọ̀rọ̀ náà rú. "Èmi náà jẹ̀bi. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, fóònù máa ń padà sọ́wọ́ mi. Bí mo bá rí i pé o kọ nǹkan, mo máa ń dá ọ lóhùn. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní ọmọ èèyàn kì í béèrè ọ̀rọ̀ kí n dijú."

Oníbèéèrè wo ọmọ, ó wo bàbá. "Èwo wá lèmi ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Bóyá ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dùn. Ó dà bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú tí kò sì sí òkú nílẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ràn, tó ń wo ọ̀run lọ́sàn-án tó sì ń gbàdúrà fún un lálẹ́, kò sí níbì kankan láyé. Wọ́n ti pín in sí méjì. Ó ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n "ìkuukùu wà" lòun náà ń kọ báyìí.

Ìyá rẹ̀ ti yí padà pátá. "Ọmọkùnrin yẹn níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó mọ èèyàn kí. O rí bó ṣe dọ̀bálẹ̀ tìṣótìṣó?"

"Màmi, ẹ̀yin lẹ ní kí n jìnnà sí i."

"Arúgbó ni mo ní kó o jìnnà sí. Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ arúgbó?"

"Ó tàn mí."

Ìyá rẹ̀ lọ aṣọ díẹ̀ kó tó dáhùn. "Òótọ́ nìyẹn," ló wí. "Mi ò lè bá ọ gbé ìyẹn."

Ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn dé. Lọ́jọ́ náà, dandan ni kí gbogbo èèyàn tan kámẹ́rà. Wọ́n ní kí kálukú gbé fóònù yíká yàrá rẹ̀, kí olùṣọ́ ìdánwò lè rí i pé kò sí ìwé, kò sí olùrànlọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ojú tó ti ń pamọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n rò pé ó sanra, ó tín-ín-rín. Nínú àpótí Fóònù Bàbá, Kápẹ́ńtà jókòó sí yàrá tí ògiri rẹ̀ mọ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó hàn pé òun fúnra rẹ̀ ló lọ̀ ọ́, kò sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Oníbèéèrè rí apá ṣẹ́ẹ̀tì náà tó ká jọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ń yún un láti bá a tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò pẹ̀lú ìbínú, ó sì mọ gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí, Màmá Agbẹ̀bí pè é.

"Wọ́n rán mi sí ọ. Bàbá àti ọmọ fẹ́ wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Mo ní mo máa bi ọ́ léèrè ná. Kí ló ń dùn ọ́ jù?"

"Màmá, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi ró lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ìfẹ́ mi lé. Àṣálẹ́ ni, ìgbà tí fóònù ń ti ọwọ́ ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ èkejì. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́. Kí wọ́n wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní."

"Bó bá jẹ́ bàbá ló sọ ọ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n ṣáà wá," ni Oníbèéèrè wí.

Wọ́n wá. Ìyá Oníbèéèrè kó aṣọ kúrò lórí àwọn àga, wọ́n jókòó yí tábìlì tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ká. Kápẹ́ńtà kò gbójú sókè. Lẹ́yìn tí wọ́n kí ara wọn tán, Oníbèéèrè béèrè ta ni nínú wọn ló kọ̀wé sí òun pé bí ìṣó bá tẹ̀, a kì í torí rẹ̀ wó ilé. Ó sọ fún wọn pẹ̀lú pé ẹni tó kọ ọ́ lọkàn òun ń tẹ̀ lé.

Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà.

"Òun ni," ni Bàbá wí, ó nawọ́ sí ọmọ rẹ̀. "Òun ló kọ ọ́."

Inú ìyá Oníbèéèrè dùn, ó mí kanlẹ̀. Ọkàn Oníbèéèrè pàápàá ti fẹ́ balẹ̀. Kò kù ju kí Kápẹ́ńtà mi orí lọ, ọ̀rọ̀ á sì yanjú.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Kápẹ́ńtà wí. "Kì í ṣe èmi."

Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì, gbogbo wọn sì gbọ́ ọ.

"Kì í ṣe èmi. Bàbá ló kọ ọ́." Ó gbójú sókè wo Oníbèéèrè wàyí, omi sì wà lójú rẹ̀. "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ka ohun tí o kọ, ó dùn mí dé egungun, mi ò sì mọ ohun tí mo lè sọ. Mo gbé fóònù fún wọn, mo ní kí wọ́n bá mi dá ọ lóhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bí mo ṣe wá ọ̀rọ̀ tó, mi ò rí ju pé kí n béèrè bóyá ọ̀dọ̀ rẹ ti mọ́. Ìyẹn nìkan ni tèmi. Mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbé ọ níyàwó. Mo ti jẹ́ kó o gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Oníbèéèrè dìde. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ lórí okùn, aṣọ tó ti gbẹ àti èyí tí kò tíì gbẹ, ó ń kó gbogbo rẹ̀ papọ̀. Ìyá rẹ̀ fún un láyè díẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e.

"Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bàbá ń bú ọmọ rẹ̀ pé ó ti ba nǹkan jẹ́. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Kí wọ́n má lọ."

Ìyá rẹ̀ gba aṣọ tútù kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un sá padà. "Wọ́n jẹ́ méjì nínú fóònù yẹn, ọmọ mi. Àgbàlagbà ló ni ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ràn, òun náà sì ti sọ pé ọmọ òun ló sọ ọ́. Èwo lo wá fẹ́ gan-an?"

"Èyí tó ní kì í ṣe òun ló kọ ọ́," ni Oníbèéèrè wí.